Ìlù Ẹsẹ̀

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ń retí ìwé ìlù lọ́wọ́ onílù rẹ̀. Onílù náà to àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ rẹ̀ sórí ilẹ̀ pákó yàrá rẹ̀, ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá fi igi lu rọ́bà, tàbí tó fi ẹsẹ̀ tẹ irin tó wà nílẹ̀, tó dúró fún ìlù ńlá, bó ti wù kó fẹ́ẹ́rẹ́ tó, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ ní àmì orin. Ẹni tó bá de hẹ́dífóònù nìkan ló ń gbọ́ ọ.

"Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ò nílò nǹkan kan?"

"Lọ ṣiṣẹ́ ẹ jàre," ni bàbá rẹ̀ dáhùn láti yàrá kejì, níbi tí ilẹ̀ pákó kan náà gùn dé. "Ìlù tí kò dún, kí ló fẹ́ fi oorun mi ṣe?"

Onílù ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, kí àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n tó gba igi ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa jó fúnra rẹ̀, bàbá ò ní mọ̀. Dókítà ní ọmọ lè jogún irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lára bàbá, láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ó de hẹ́dífóònù, ó lu ẹsẹ orin kìíní. Nígbà tó wo ojú kọ̀ǹpútà, àmì ìlù ńlá mẹ́ta wà níbi tí kò ti lu nǹkan kan.

"Èmi kọ́ ni mo lu èyí."

Ó pa wọ́n rẹ́, ó tún un lù. Àwọn àmì tún yọ, wọn ò bá orin lọ rárá. Àyà rẹ̀ já. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí irin. Ó rántí bí ọbẹ̀ ṣe ń dà sí bàbá rẹ̀ láyà, ó rò ó pé ìyàwó òun ni yóò máa fi ṣíbí bọ́ òun.

Ó pẹ́ kó tó lè ki ara rẹ̀ láyà. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Àmì kan wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn wọlé. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

"Ẹsẹ̀ mi kọ́! Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe wèrè!"

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó pa gbogbo àmì náà rẹ́, ó parí iṣẹ́, ó fi ránṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá a tó ń rẹ́rìn-ín.

"Olówó orí mi, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ara mi le! Ẹ̀rọ ni ò dáa. Wá, jẹ́ ká lọ sọ fún Bàbá."

Ó ti ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí tán, nítorí bàbá wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ti bó níbi tó ti ń fi í lu ilẹ̀ pákó pe ọmọ rẹ̀.