Ògiri Ọlọ́wọ́ Nílé Òyìnbó Alágbọn

Ẹ̀yin ará, ẹ má kàn wo àkọlé kí ẹ kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń tún ilé àtijọ́ ṣe.

1.
Kaltabang, bíríkìlà, ni abúlé wa ní erékùṣù Efate fa ilé òyìnbó alágbọn, olóko àgbọn ayé amúnisìn, lé lọ́wọ́ pé kó tún un ṣe. Òkè ilé náà rẹwà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí òkun. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ti àwọn òṣìṣẹ́ oko mọ́ láyé ìgbà náà, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀tàn kó wá láti erékùṣù mìíràn. Àwọn náà ló fi ẹfun òkúta òkun rẹ́ ògiri yàrá wọn. Kó tó gbẹ, oníkálukú tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Màmá Leimara, ìyá àgbà kan ní abúlé wa, wà lára wọn. Òkun gbé e lọ níbi tó ti ń ru àgbọn sínú ọkọ̀, kò ní sàréè. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá á lọ gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀.

2.
Ọ̀gá Delorme, tó ń kó àlejò afẹ́ kiri, wá wo ilé. Ó sọ fún Kaltabang pé, "Ọwọ́ ìsàlẹ̀ yẹn ń dẹ́rù bani. Bò ó mọ́lẹ̀, kí n fi ọ́ ṣe máníjà ibí."

Baálẹ̀ gbọ́, ó fi ewé namele, àmì èèwọ̀, há ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ẹni tó bá rí ewé yẹn á yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò, á mú ẹlẹ́dẹ̀ wá ní gbangba.

Kaltabang fà á yọ. "Àbúrò ìyá mi ni baálẹ̀. Tó bá yá, màá mú ẹlẹ́dẹ̀ wá."

Màmá Leimara bá a níbi tó ti ń po sìmẹ́ńtì. "Kal, ṣé ojú bàbá mi lo fẹ́ rẹ́ ìyẹn mọ́?"

"Ọwọ́ ni, Màmá, kì í ṣe ojú."

"Èmi ò mọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo ní."

"Ẹ lọ sinmi, Màmá."

3.
Sìmẹ́ńtì tó fi bo àwọn ọwọ́ náà kò gbẹ. Òòrùn ń ran, síbẹ̀ ibi tí àwọn ọwọ́ wà ṣì rin, àwọn ọwọ́ náà sì ń yọ jáde. Kaltabang tún un rẹ́. Wọ́n tún yọ.

"Ọ̀rinrin ni," ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rí ọ̀rinrin tó ní ìka?

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó fẹ́ yọ ọwọ́, ó dà bí ẹni tó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò tíì kí i tán.

4.
Lọ́jọ́ tí àlejò kọ́kọ́ dé, ògiri ìsàlẹ̀ ké. Sìmẹ́ńtì ti sé omi mọ́nú, ẹfun àtijọ́ ti di ẹ̀kọ. Kaltabang sáré lọ fi ọwọ́ ọ̀tún tì í. Ògiri wó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n Delorme kó àlejò rẹ̀, ó lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Àtẹ́lẹwọ́ Kaltabang funfun títí dòní. Omi òkun kò wẹ̀ ẹ́, kẹrosíìnì kò bó o.

Màmá Leimara ń rá nínú àlàpà, ó ń gbé ọwọ́ lé àfọ́kù kọ̀ọ̀kan. Kaltabang kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ funfun náà sí i. "Màmá, ẹ dákun."

Màmá gbé ọwọ́ lé e.

"Ó tutù," ó wí. "Kì í ṣe òun." Ó sì ń rá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kun ilé amúnisìn ní ọ̀dà ẹwà, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ pa ilé mọ́, ẹ má pa ìyà tó kọ́ ọ rẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.