Àwo Fíìmù Tí Aránṣọ Rà

Aránṣọ ń yí àwo DVD àlòkù tó rà lórí ayélujára síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná.

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ti ta ayédèrú rẹ̀ fún un rí, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán bíi fàdákà," ọkọ rẹ̀ wí. "Ojúlówó ni, jàre."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, olówó orí mi."

Ó tì í bọ inú ẹ̀rọ. Àwòrán mọ́ kedere, ohùn ń dún ketekete.

"Kí lo tún ń wá? Ṣé kí òṣèré jáde wá kí ọ ni?"

Aránṣọ ń tẹ rìmóòtù ṣáá.

Lójijì, ó fò sókè. "Ó wà ńbẹ̀! Ojúlówó ni! Ẹ bá mi pe Bàbá mi wá!"

Bàbá jókòó sáàárín wọn. Kí òṣèré tó sọ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ tán, ó ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu itan.

Ọ̀rọ̀ kíkọ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán, tí kò sí nínú ayédèrú, ló ń kà.

Láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti di pátápátá, ojú wọn ló máa ń wò kó tó mọ ìgbà tó yẹ kóun rẹ́rìn-ín.

Lónìí, ó wo ojú wọn, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Àbí ẹ̀yin ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"