Ìwé Bíẹ̀lì Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pín ẹrù Lùkmọ́nù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò. Ẹrù náà kò pọ̀: ọ̀kadà kan, jẹnẹrétọ̀ kan, aṣọ díẹ̀, àti àpótí onírin tí Àlíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá a gbé wá láti Àbíjáàn. Olóògbé kò fi ìyàwó sílẹ̀, kò fi ọmọ sílẹ̀. Àmírà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, nìkan ni wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, nítorí náà òun ni Bàbá Ràmọ́nù, àbúrò bàbá wọn, kọ́kọ́ pè.

"Mú ohun kan tó o bá fẹ́, kí àwọn yòókù tó mú."

Àmírà ṣí àpótí. Ó ti mọ ohun tó ń wá. Wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ṣòkòtò iṣẹ́: ìwé mẹ́rin tó nípọn, tí Lùkmọ́nù fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò bí a ṣe ń bo ìwé ọmọ iléèwé. Ó gbé wọn mọ́ àyà.

"Ìwé ni mo fẹ́, sà."

Kọ́lápọ̀, ọmọ ìyálé, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwé lo máa gùn lọ sí Ara?"

Ìlú Ara ni Àmírà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ló ń dúró de ọkọ̀ nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n Kọ́lápọ̀ kò dúró gbọ́ èsì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ọ̀kadà.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Bàbá Ràmọ́nù wí. "Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún."

Ọdún tí ìyá wọn kú, Àmírà kéré gan-an. Lùkmọ́nù, tó ti wà ní Àbíjáàn láti kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, wálé wá sìnkú. Nígbà tó rí i pé àbúrò rẹ̀ kò jẹun, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò lè padà. Lọ́sàn-án, á gbé e jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, á ṣí ìwé, á sì máa kà á fún un. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, òun á máa sọ ọ́ di Yorùbá bó ṣe ń lọ.

Ìtàn náà dùn. Ààfin onírin kan wà tí iná ń jó nínú rẹ̀ tí kì í kú. Ọba Kúláàsì jókòó lé iná náà lórí, ó fi ìdí dé e. Nísàlẹ̀, òmìrán kan tó ń jẹ́ Fílébúrẹkẹ̀ ń yí po láìsinmi. Odò dúdú kan ń ṣàn yí ààfin ká, bó bá gbẹ lọ́jọ́ kan, gbogbo ará ibẹ̀ á gan pa. Bíẹ̀lì, ọmọbìnrin tín-ín-rín, ń sáré lọ sókè, sáré bọ̀ nísàlẹ̀, láàárín iná àti òmìrán, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wọ inú iná lọ.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n wo àwòrán."

"Á dẹ́rù bà ọ́."

Nígbà mìíràn, Àmírà ló máa ń rán an létí: "Bùọ̀dá, ẹ ò tíì ṣí ojú ewé o."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kí Bíẹ̀lì tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá Lùkmọ́nù ránṣẹ́ pè é. Àmírà di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wálé?"

"Ó wà nínú ìwé kẹrin. Kọ́ Faransé, Àṣàkẹ́, kí o fúnra rẹ kà á." Oríkì rẹ̀ ló máa ń fi pè é.

Ó kọ́ ọ. Lùkmọ́nù ló san owó iléèwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn orúkọ inú ìtàn kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó kà wọ́n sí orúkọ ènìyàn, kò yà á lẹ́nu. Nígbà tó gboyè, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn ní Faransé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ohùn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe: "Àṣàkẹ́, gírísì wà lọ́wọ́ mi. Bá mi sọ̀rọ̀, jàre." Àmírà a máa pè é ní ọ̀lẹ. Bó bá bèèrè àwọn ìwé náà, Lùkmọ́nù á ní òun á gbé wọn bọ̀ fúnra òun nígbà Iléyá. Kí Iléyá tó kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí tó dé, jáàkì yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ àjàgbé tó ń tún ṣe, ọkọ̀ náà sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń tú ká, Àlíù sún mọ́ Àmírà. "Kí ló wà nínú ìwé yẹn tó o fi jẹ́ kí ọ̀kadà lọ?"

"Ìtàn ni, ẹ̀gbọ́n. Ti Bíẹ̀lì àti Ọba Kúláàsì, àti Fílébúrẹkẹ̀."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Àlíù parẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti Lùkmọ́nù ti jọ ṣiṣẹ́.

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Bùọ̀dá mi ló ń kà á fún mi."

"Ó ń kà á fún ọ." Omi lé ròrò sí Àlíù lójú. "Bọ̀n, ó dáa. Wá ibi jókòó kí o tó ṣí i, àbúrò mi."

Àmírà lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti pinnu pé láti ìwé kìíní lòun á ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má baà tètè tán, nítorí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá, ibẹ̀ nìkan ló sì rò pé ó kù sí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á. Ìwé kẹrin ni ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kọ́kọ́ sunkún tẹ́rùn, ó nu ojú, ó wá rọra bó kàlẹ́ńdà náà kúrò.

Àwòrán ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àjàgbé ló wà lẹ́yìn ìwé náà àti ní gbogbo ojú ewé rẹ̀ títí dé òpin, wọ́n kọ Bíẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tín-ín-rín kan, Kúláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí onírin, Fílébúrẹkẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń yí nísàlẹ̀, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ni, kò sí ìtàn kankan níbẹ̀, níbi tó sì yẹ kí ẹni tó ni ìwé kọ orúkọ rẹ̀ sí, àtàǹpàkò onígírísì ni Lùkmọ́nù tẹ̀ síbẹ̀.