Alájíìpù Ìtirẹ́

Ní ọdún 1988, Adéníran ra jíìpù kan tí ìjọba lù ní gbàǹjo. Ọkọ̀ ológun ni tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń wa ilẹ̀, kò sì ní fèrèsé kan tó dáa. Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó rẹ̀, yí i po, ó ní, "Ṣé ogun ń bọ̀ ní Ìtirẹ́ ni?"

"Títì wa kò dáa," ni Adéníran fèsì.

Ọ̀rọ̀ náà ló gùn jù nínú èyí tó ti sọ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Túbọ̀sún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Odindi ọdún kan ló ti jókòó sí pálọ̀ tó ń wo ògiri.

Òótọ́ ló sì sọ. Bí òjò bá rọ̀, kòtò àárín títì a kún dé orúnkún, àwọn ọkọ̀ kéékèèké a sì dúró lẹ́nu títì bí àlejò tí a kò ṣílẹ̀kùn fún.

Moyọ̀sọ́lá kó ẹjọ́ jíìpù náà tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ ní Sábó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ẹjọ́ bí àgbà: bí títì bá ṣì ń bàjẹ́, kí Adéníran máa gun jíìpù rẹ̀, lọ́jọ́ tí káńsù bá da ọ̀dà sí títì, kí ó tà á. Adéníran búra. Moyọ̀sọ́lá, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin àdúgbò, wé gèlè ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó gba káńsù lọ. Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí kì í lọ.

Adéníran náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣàfíù, wẹ́dà kan ní Ojúwòyè, di ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí wèrè kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Wọ́n yọ sípíríǹgì ọkọ̀ náà, wọ́n fi ti tírélà rọ́pò. Wọ́n wá táyà tó ga dé àyà Ṣàfíù. Wọ́n jó páìpù gígùn kan mọ́ ọn lára, tó yọ kọjá òrùlé rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀. Omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ìtirẹ́, àfi bí ọ̀sà bá ṣí wá.

"À ń múra sílẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣàfíù wí.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọkọ̀ náà ga débi pé orí àga ni Moyọ̀sọ́lá ń gbà gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jókòó tán, yàrá òkè àwọn ẹlòmíràn ló ń wò. "Ẹ káàárọ̀ o," ni yóò kí àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, "ẹ má bínú."

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀tá wọn. Kòtò a gbẹ, jíìpù a sì dúró láìníṣẹ́. Nígbà náà ni Adéníran a fa rọ́bà omi jáde, a máa bomi rin títì. Àwọn aládùúgbò tó ń gbé garawa wá omi kiri a dúró wò ó.

"Alájíìpù, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ gbìn síbẹ̀ ni?"

"Kí ẹrẹ̀ má baà kú ni."

Moyọ̀sọ́lá ń bú ọkọ̀ náà láàárọ̀, ó ń bú u lálẹ́, ó sì ń bú Ṣàfíù mọ́ ọn. "Ṣàfíù, ṣé ìyá rẹ kò rí iṣẹ́ kankan rán ọ ni?"

"Ẹ̀yin náà ẹ rán mi, Àǹtí."

Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ bá nawọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀, sípánà tó ń fẹ́ gan-an ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́, èébú a sì máa bá a lọ. Lọ́jọ́ kan Ṣàfíù dá àpárá, Adéníran sì rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀ títí ó fi forí gbá irin. Láti ibi tó wà, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ náà dúró pẹ́, kò lọ, kò bọ̀. Ọbẹ̀ jóná lọ́jọ́ náà; jíìpù ló gba èébú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, bó bá ti káńsù dé, Adéníran a rọra bi í pé, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ku díẹ̀," ni yóò fèsì, a sì tú gèlè.

Àwọn onílé ní àwọn yóò bá a lọ, kí àwọn fi kún agbára rẹ̀. Ó kọ̀. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnu mi nìkan tó wọn."

Ọdún bíi mẹ́ta kọjá báyìí. Lẹ́yìn náà, ní ìgbà ọyẹ́, tírélà kan wá da òkúta wẹẹrẹ jọ sẹ́nu títì, àwọn ọkùnrin kan sì ń na okùn wọn ilẹ̀. Adéníran kò lè jẹun. Ó ń wo jíìpù rẹ̀ bí a ti ń wo àgbò tí Iléyá rẹ̀ ku ọ̀la.

"Ṣàfíù, bí mo bá tà á tán, kí ni n ó máa jí ṣe?"

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń da ọ̀dà, èèyàn ni."

"Bí ìyàwó mi bá bá mi níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́bọ̀ ni tiwọn. Ẹ̀yin ẹ lọ ní Ọjọ́rú."

Ní Ọjọ́rú, Adéníran wọ agbádá, ó lọ sí káńsù. Ọ̀gá tó ń bójú tó títì ń jẹ́ Gbádé, ọkùnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún. Adéníran ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, ó ká agbádá sókè, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ọmọ mi, títì wa dáa bó ṣe wà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀dà yín lọ síbòmíràn."

Gbádé fò dìde. "Bàbá, ẹ má bà mí láyé jẹ́! Títì wo ni?"

Adéníran dárúkọ títì náà láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gbádé tún jókòó. "Áà. Ẹ̀yin wá ni Alájíìpù?"

Adéníran mọ̀ pé ẹnu ìyàwó òun ti dé ibẹ̀ ṣáájú òun.

"Ẹ dìde, sà," ni Gbádé wí, "òkúta yẹn, títì kejì ló ni ín, ní ti tiyín, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí ìyàwó yín ti ń wá kúnlẹ̀ síwájú mi ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀, pé kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."