Nimotallahi Tó Ní Òun Ni Wọ́n Fi Ṣe Fíìmù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í gbé fóònù sílẹ̀ tí ẹ bá ń jẹun. Ẹ mọ ara yín.

1.

Télọ̀ ni Nimotallahi ní Máfolúkù. Sirajudeen ọkọ rẹ̀ ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì ti bí ọmọkùnrin kan, Ìdírísù. Ìyá Sirajudeen náà ń bá wọn gbé. Òṣòdì ni màmá yìí ti ń ta ìbọ̀sẹ̀, kò sì ní wàhálà kankan. Òun ló ń wẹ Ìdírísù láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i títí ó fi ń rìn. Tó bá ti ọjà dé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyá Ìdírísù, ṣé o ti jẹun?" Irú ìyá ọkọ tí àwọn kan ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀ nìyẹn o!

Nimotallahi wá fẹ́ràn fíìmù kan tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, Ojúlé Kejìlá. Ìyá ọkọ kan ń fi ojú Àjíkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, rí màbo níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù tí Àǹtí Tinúadé, ará Jakande Estate, dá sílẹ̀. Àwọn tó ti ra ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà ló máa ń ṣe ọ̀gá. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé, ẹ gbẹ́nu dákẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ka Nimotallahi lára gan-an.

2.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lé Àjíkẹ́ síta nínú òjò, gbogbo ẹgbẹ́ ń sunkún. Ni Nimotallahi bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ ò mọ̀ ni. Ìtàn tèmi ni wọ́n kọ. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbé ilé wa rí. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún un."

Irọ́ pọ́ńbélé!

Ha, ẹ wá wo ìkẹ́! "Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi." "Ọlọ́run á bá ẹ dá a." Àwọn tó kàwé gan-an wá ń bi í léèrè ohun tó kàn. Wọ́n sọ ọ́ ní Àjíkẹ́ Wa, inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ wú. Ẹnì kan ní kó jẹ́ kí àwọn rí ojú ìyá burúkú náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fi fọ́tò Màmá ránṣẹ́! Màmá jókòó ti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, oòrùn mú kó fajú ro, ojú irin Òṣòdì sì hàn kedere lẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà fi wá Màmá kàn. Wọ́n ń pòṣé sí i, ọ̀kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú ọjà rẹ̀. Màmá sunkún délé.

"Ìyá Ìdírísù, kí ni mo ṣe fún wọn? Wọ́n ní mo lé ẹ síta nínú òjò."

Ó yẹ kí Nimotallahi jẹ́wọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí Àǹtí Tinúadé máa sọ ló ń rò. Ó ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, Màmá. Wèrè ló ń ṣe wọ́n."

Wọn ò dẹ̀yìn lẹ́yìn Màmá. Nígbà tó yá, ó palẹ̀ mọ́, ó gba Ìwó lọ. Sirajudeen bi í léèrè títí. Màmá ní Èkó ló sú òun, nítorí ó ti fura sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

3.

Ìwé apá kejì jáde kí fíìmù tó parí. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: Àjíkẹ́ gan-an ni ọ̀dàlẹ̀! Ọmọ tó bí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, ohun tí ìyá ọkọ ń bá a jà lé lórí nìyẹn.

"Àjíkẹ́ Wa, ta ló ni Ìdírísù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fi iyọ̀ sí i ni."

Àǹtí Tinúadé dáhùn pé, "Ìwọ lo ní kò sí ohun tí wọ́n fi kún un."

Nimotallahi kó sí páńpẹ́. Tó bá ní irọ́ lòun pa, wọ́n á ní ìsinsìnyí ló ń parọ́. Tó bá jáde nínú ẹgbẹ́, wọ́n á ní òótọ́ ni. Tó bá dúró, ìbéèrè ò ní tán. Ibẹ̀ ló wà tí ẹnì kan fi gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà han Sirajudeen níbi iṣẹ́.

"Nimota, ọmọ ta ni Ìdírísù?"

"Tiyín ni! Irọ́ ni mo pa, Bàbá Ìdírísù!"

"Èwo ni irọ́ nínú ẹ̀? Ìyá mi tí o bà jẹ́, àbí ọmọ yìí?"

Ìdírísù sáré wá, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Sirajudeen tú ọwọ́ ọmọ náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde.

4.

Nimotallahi gbé ọmọ rẹ̀, ó di Ìwó. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Omi dà lójú Màmá. Lẹ́yìn náà, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Sirajudeen, èmi ni mo wẹ ọmọ yìí. Àmì tó wà lẹ́yìn rẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ wa ni."

"Màmá, lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, mo bi yín, ẹ ní Èkó ló sú yín. Ẹ bò ó mọ́ mi lára nígbà yẹn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò bo nǹkan mọ́ mi lára báyìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín títí a ó fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ Sirajudeen ni, láìsí àní-àní. Ó wá sí Ìwó láti kó wọn padà sílé, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Ìdírísù ò sáré wá. Ó lọ sá sẹ́yìn ìyá bàbá rẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́yà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìkẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ò mọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo fíìmù, ẹ kàwé, ẹ bá ara yín jiyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ará ilé yín ra orúkọ níta, nítorí ẹ ò mọ bí ẹni tó ń kọ ìtàn náà ṣe máa parí ẹ̀. Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.