Rólù Kan Tó Kù Nínú Fíríísà

Lọ́jọ́ tí rólù fíìmù kan wọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, Ashraf fi ọ́fíìsì kágò rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ó gba Ìsọlọ̀ lọ láti lọ bẹ Salimat.

Ashraf ni alága Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Fíìmù ti Àjàó Estate. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ti tóbi rí. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, wọ́n ń dáwó jọ ra rólù kan, wọ́n á sì pín in bí ẹran Iléyá. Nígbà tó tún wọ́n sí i, wọ́n ń gbé kámẹ́rà òfìfo kiri àdúgbò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá padà wálé wá jiyàn lórí èyí tó dáa jù nínú àwọn fọ́tò tí wọn ò yà. Ìpàtẹ ọdọọdún wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí. Òfin ẹgbẹ́ sì sọ pé alága tí kò bá mú fọ́tò fíìmù wá gbọ́dọ̀ dìde lórí àga. Tẹ́júọlá, igbákejì rẹ̀, tó ń fi fóònù ya tirẹ̀, ti ń wo àga náà tìfẹ́tìfẹ́.

Salimat ló ń tajà ní sítúdíò bàbá rẹ̀, Alájì Mísbáù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ashraf ti ń ra fíìmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí fíìmù kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà máa bàjẹ́. Kò mọ ọjọ́ orí Salimat.

"Ẹyọ kan péré ló kù, Alága," ni Salimat wí. "Ó wà nínú fíríísà Bàbá, lábẹ́ ẹja. Ṣùgbọ́n wọn ò gba náírà mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí èèyàn tó kà á tán, iye rẹ̀ á ti yí padà. Wọn ò sì ní gbé e fún ẹni tí wọn ò mọ ilé rẹ̀."

Ashraf ò bínú. Oníṣòwò kan ní Òṣòdì ti ní kó mú onídùúró wá kó tó lè fojú kan páálí fíìmù lásán. Ìlú ti le.

Salimat kọ́kọ́ wá yẹ ilé wò, nítorí fíìmù ò gbọdọ̀ gbé ibi tó gbóná. Ó ṣí fíríísà, ó fọwọ́ kàn án. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yí ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ wò bóyá omi ń yọ. Ó bèèrè bóyá ilé tiwọn ni tàbí wọ́n gbà á gbé. Lẹ́yìn náà, òun àti Ìyá Ashraf wọ kíṣìnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ashraf jókòó ní pálọ̀, ó ń nu kámẹ́rà. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá rẹ̀, tí kì í dárúkọ kámẹ́rà láìpòṣé, ń kọrin.

"Ohunkóhun tí ọmọ yẹn bá ní kí o ṣe, ṣe é," ló wí.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti wá ń fẹ́ràn fíìmù ni?"

"Gan-an ni, ọmọ mi."

Ohun tó kàn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Salimat ṣàlàyé pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ fíìmù kì í bá gbogbo ẹ̀jẹ̀ mu. Ashraf lọ ṣe é; AA ni. Salimat wo ìwé náà, ó mí kanlẹ̀.

"Kẹ́míkà ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan," ló wí. "Mú àwọn àgbà ilé yín wá ní Sátidé. Ẹ kó iṣu, oyin àti mínírà dání dípò owó. Kí o sì wọ funfun, torí fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni."

Ẹ̀gbọ́n Ashraf, Tàjùdéèn, tó ń wa tírélà ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ló bá a ru iṣu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Torí fíìmù ni mo ṣe yọ yín lẹ́nu."

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ iṣu kalẹ̀. "Fíìmù! Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ."

Sítúdíò ti kún. Àlùfáà ka Fátíhà, ó gbàdúrà gígùn. Ashraf rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti wọ́n tó yẹn nílò àdúrà. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Alájì Mísbáù wò ó láti orí awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o máa ń mutí?"

"Rárá, sà. Ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n lórí kámẹ́rà."

Àwọn àgbà wojú ara wọn. "Ó dáhùn dáadáa," ni ọ̀kan wí. "Kámẹ́rà ló kàn wọ̀ ọ́ lórí."

Alájì wá yọ rólù náà láti inú ọ̀rá tó ṣì ń rùn bí ẹja. Ashraf na ọwọ́ méjèèjì. Alájì fo ọwọ́ náà dá, ó bọ́ kámẹ́rà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì ki fíìmù bọ̀ ọ́.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà á tán! Ìpàtẹ…"

"Jókòó."

Wọ́n fi í jókòó sórí àga àárín. Salimat, tó ti lọ pààrọ̀ aṣọ, jókòó tì í. Ashraf gbọ́ tí wọ́n tú aṣọ ńlá kan sílẹ̀ láti òkè lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní sítúdíò àtijọ́. Ó fẹ́ yíjú wò ó.

"Má wẹ̀yìn!" ni Alájì pariwo. "Ìgbàkígbà tó o bá mira, ẹgbẹ̀rún kan náírà ló ṣòfò yẹn."

Ashraf, tó mọ iye tí wọ́n ń tà á, le gbagidi bí òpó iná. Kámẹ́rà ń dún, fíìmù ń lọ, títí ó fi tán. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ń sunkún, Tàjùdéèn dì mọ́ ọn, àwọn ará ilé Alájì sì ń nu ojú. Ó yà á lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ràn fíìmù tó báyẹn.

Salimat fúnra rẹ̀ ló fọ fíìmù náà kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé, àwọn fọ́tò ọ̀hún sì mọ́ gaara débi pé, bí Ashraf ṣe gba àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá òun ṣì ni alága, ó lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára aṣọ tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ashraf àti Salimat."