Dígí Tó Dúró Sí Yàrá Màmá

Kí Àríkẹ́ tó sún mọ́ dígí kẹtàdínlógójì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ wà kí wọ́n tó kó gbogbo abúlé náà kúrò láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe pápá dígí tó ń fi oòrùn ṣe iná. Ó da omi sójú dígí, ó nù ún títí ó fi ń dán. Nígbà tí oòrùn yọ, gbogbo dígí orí pápá náà kọjú sí i, wọ́n sì da ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sórí ilé gogoro tó wà láàárín. Níbẹ̀ ni iyọ̀ ti ń yọ́ bí òrí, tó ń mú omi hó, tí ooru omi náà sì ń yí ẹ̀rọ tó ń fún ìgboro ní iná.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kó wọn lọ sí nígboro.

“Àríkẹ́, ṣé o ti gbálẹ̀ yàrá mi?”

Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn láràárọ̀.

“Mo ti gbá a, Màmá.”

“Oòrùn ńkọ́? Ṣé ó ti gba ojú fèrèsé wọlé?”

Àríkẹ́ wo ìmọ́lẹ̀ tó ń ta kúrò lójú dígí náà lọ sókè.

“Ó wọlé, Màmá, ṣùgbọ́n kò jókòó.”



“Jẹ́ n tan gílóòbù,” Màmá ní, “bóyá ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.”